"Run" kan ṣoṣo, ìtumọ̀ rẹpẹtẹ: ẹ wá gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ lójú mi

Àkàngbé_Ògbufọ̀ (Ajé, 9:14 alẹ́)

Ẹ̀yin ará ilé, ẹ kú alẹ́ o.

Iṣẹ́ ògbufọ̀ ni mo ń ṣe ní Lọ́ńdọ̀nù. Bí aláìsàn tí Gẹ̀ẹ́sì ò já gaara lẹ́nu rẹ̀ bá fẹ́ rí dókítà, èmi ni wọ́n máa ń pè láti jókòó sáàárín àwọn méjèèjì. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo pẹ́ dé ibi tí wọ́n pè mí sí, ọkọ̀ ojú irin ló dá mi dúró. Kí n tó wọlé, wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Ìyá àgbà kan ló jókòó tó fọwọ́ di ikùn mú, ọmọ-ọmọ rẹ̀ kan tí kò lè ju ọdún mẹ́tàlá lọ ló sì ń bá a túmọ̀. Ọmọ náà ti sọ fún dókítà pé "Her stomach has been running for three days." Dókítà ti gbà á gbọ́. Ó ti ń tẹ orúkọ oògùn tó ń dá ìgbẹ́ gbuuru dúró sínú kọ̀ǹpútà.

Mo kí ìyá, mo ní, "Mà, ẹ ti yàgbẹ́ tó ẹ̀ẹ̀melòó lónìí?"

Ìyá wò mí látòkè délẹ̀. "Ìgbẹ́ wo? Bí mo bá rí i yà, kí ni mo fẹ́ wá wá síbí? Láti ijẹta ni ò ti jáde. Inú ló ń run mí!"

Ẹ rí nǹkan. Ọmọ gbọ́ "run" lẹ́nu ìyá rẹ̀ àgbà, ó gbé "run" yẹn gan-an lé Gẹ̀ẹ́sì lórí, kò tilẹ̀ yí i padà. Ẹni tí ìgbẹ́ há mọ́ nínú, oògùn tó tún máa há a mọ́ ọn ni wọ́n fẹ́ kọ fún un.

Láti ọjọ́ náà ni "run" yìí ò ti jẹ́ kí n gbádùn. Mo ń kọ gbogbo ibi tí mo bá ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn Òyìnbó sílẹ̀: nínú ọkọ̀, níbi iṣẹ́, lórí rédíò. Ó ti kún ojú ìwé mẹ́ta. Díẹ̀ rèé: "my nose is running", "the bus runs every half hour", "she runs a shop", "he's running for governor", "it runs in the family", "the colours ran". Mo ki "sáré" bọ gbogbo wọn lẹ́nu, kò bá ọ̀kankan mu. Imú mi ń sáré. Ó ń sáré ṣọ́ọ̀bù. Ẹ bá mi dá sí i o, báwo lẹ̀yin ṣe ń sọ wọ́n?

Àdùkẹ́_Peckham (Ajé, 9:31 alẹ́)

Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Imú sáré! Ó ń sá lọ síbo?

Imú mi ń ṣomi. Bó bá jẹ́ ti ọmọdé, ikun ń dà nímú ẹ̀. Ó parí.

Ṣùgbọ́n ti ṣọ́ọ̀bù yẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín o. Bí Òyìnbó bá ní "she runs a shop", kò tíì sọ ẹni tó ni ṣọ́ọ̀bù fún ọ. Yorùbá ò ní jẹ́ kó o kọjá bẹ́ẹ̀, àfi kó o sọ bóyá òun ló ni ín, tàbí wọ́n ní kó máa bá wọn mójú tó o. Àbúrò mi kan ń bá ẹ̀gbọ́n wa tó wà nílé mójú tó ṣọ́ọ̀bù kékeré kan níbí. Wọ́n fún un ní fọ́ọ̀mù kan, wọ́n bi í bóyá ó ń "run a business". Ó pè mí lórí fóònù, mo sì yára dáhùn pé "bẹ́ẹ̀ ni, ṣebí o ní ṣọ́ọ̀bù." Èmi ni mo ṣe é lọ́ṣẹ́. Oṣù méjì gbáko la fi ń kọ lẹ́tà síwá sẹ́yìn pé kò ní ṣọ́ọ̀bù, ó kàn ń bá olówó rẹ̀ dúró tì í ni. Láti ìgbà náà, bí mo bá ti rí "run" nínú fọ́ọ̀mù, mo máa ń béèrè kí n tó fèsì.

Bàbá_Akọ́mọlédè (Ajé, 10:05 alẹ́)

Àkàngbé ọmọ mi, o kú iṣẹ́. Ọmọdé yẹn kò ṣẹ̀ rárá. Lẹ́tà mẹ́ta kan náà ló rí, ẹni tó bá sì fi ojú Gẹ̀ẹ́sì wo Yorùbá, àmì ohùn ni yóò kọ́kọ́ bọ́ lójú rẹ̀.

Tiwa ju ẹyọ kan lọ pẹ̀lú. Rùn ni ti ẹja àná tí a kò yan. Rún ni ti bisikíìtì tí ọmọ jókòó lé nínú àpò, tó rún wómúwómú. Run tó wà láàárín, tí kò lọ sókè tí kò wálẹ̀, òun ni inú ń run mí. Òun náà la fi ń run orín láàárọ̀. Òun náà ló sì wà nínú ìparun: wọ́n jẹ owó ẹgbẹ́ run, ìlú náà run. Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá ń fi Gẹ̀ẹ́sì ṣe yẹ̀yẹ́ níbí, kó kọ́kọ́ wo ilé ara rẹ̀.

Fún iṣẹ́ rẹ, tọ́jú èyí: inú ń run mí, inú ń lọ́ mi, inú ń kùn, inú mi wú, mo ń yàgbẹ́ gbuuru. Márùn-ún ni, dókítà ò sì gbọ́dọ̀ gbọ́ ọ̀kan nínú wọn bí ẹni gbọ́ èkejì. Inú tó ń run lè má tú ẹyọ ìgbẹ́ kan jáde. Èyí tó ń lọ́ ni èyí tó ń pọ́n ìfun bí ẹni fún aṣọ. Èyí tó ń kùn, ebi lásán lè ni. Bó bá sì ní inú ń bí òun, ikùn kọ́ lò ń wò mọ́, ìwọ ni kó o wo ẹ̀yìn rẹ.

Ó ku ẹyọ kan. "Run" tiwọn yìí ti pẹ́ lẹ́nu wọn. Nínú Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́, "rinnan" ló jẹ́, ó sì túmọ̀ sí kí nǹkan máa ṣàn bó ṣe túmọ̀ sí kí ènìyàn sáré. Lọ́dọ̀ àwọn ará Jámánì, "rinnen" ṣì wà títí dòní, omi ló wà fún. Nítorí náà, imú tó ń "run" àti ẹ̀rọ omi tó ń "run" kì í ṣe àwàdà tí Òyìnbó hù. Ìṣàn ló ti wà nínú ọ̀rọ̀ náà láti ìpilẹ̀.

Tòkunbọ̀_Akókà (Ajé, 10:12 alẹ́)

Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, "rinnan" àti "rìn" tiwa ńkọ́? Ṣé kì í ṣe ìyekan ni wọ́n?

Àti pé, ẹ dákun, ẹ bá mi túmọ̀ "running water" tí àwọn onílé máa ń kọ sórí ilé tí wọ́n fẹ́ fi háyà. Mo gba ilé kan nítorí ẹ̀. Ọdún kan ààbọ̀, omi ò yọ lẹ́nu ẹ̀rọ. Àwa là ń sáré: kẹ́ẹ̀gì lọ́wọ́ ọ̀tún, kẹ́ẹ̀gì lọ́wọ́ òsì, láago márùn-ún ìdájí.

Bàbá_Akọ́mọlédè (Ajé, 10:20 alẹ́)

Tòkunbọ̀, bí ènìyàn méjì bá jọra lójú títì, ìyẹn ò sọ wọ́n di ọmọ ìyá. Ohùn ló ṣe kòńgẹ́ ara wọn.

Ní ti omi, "omi ẹ̀rọ" ni. Bí kò bá yọ, ẹ̀rọ ló kù.

Dẹ́rẹ́bà_Ìwó_Road (Ìṣẹ́gun, 5:48 àárọ̀)

Ẹ̀yin alákọ̀wé, ẹ káàárọ̀. Mo ń dúró de èrò ni mo rí ọ̀rọ̀ yìí. Ẹ fi ti mọ́tò sílẹ̀ fún èmi.

"The bus runs" kì í ṣe sáré, ná ni. Ọkọ̀ mi ń ná Ìbàdàn sí Ifẹ̀, ó ti tó ọdún mọ́kànlá. Èrò á ní, "Dẹ́rẹ́bà, ibo lẹ ń ná?" Kò sí èrò kan tó bi mí rí pé ibo ni mọ́tò mi ń sáré sí. Mọ́tò tó bá ń sáré fúnra ẹ̀, bíréèkì ẹ̀ ló já.

Bí ọ̀nà náà bá ń "run" lẹ́nu Òyìnbó, lẹ́nu tiwa ó ń gba ibì kan kọjá ni. Ó gba Aṣèjìrè, ó gba Ìkirè, ó já sí Gbọ̀ngán, kó tó kó wa wọ Ifẹ̀. Ọ̀nà kì í rìn, ká tó wá sọ pé ó ń sáré.

"Leave the engine running": má pa mọ́tò. Ẹ ṣàkíyèsí o, a máa ń tan mọ́tò, a sì máa ń pa á, bíi fìtílà. Bó bá ti tàn, a ò tún wá ọ̀rọ̀ míì fún un. Àfi bó bá kú, ìyẹn ni pé òun ló pa ara ẹ̀, ọ̀rọ̀ mẹkáníìkì ló dé yẹn.

"We have run out of petrol": epo tán. Ta ló sá? Epo ló tán.

Ti "every half hour" yẹn, èmi ò ní irú ẹ̀ lọ́jà. Bó bá kún ló ń lọ. Ó ku ẹni méjì lẹ́yìn báyìí. Ó dàárọ̀ o.

Àbíkẹ́_Houston (Ìṣẹ́gun, 1:40 ọ̀sán)

Dẹ́rẹ́bà yìí yẹ kó máa kọ́ni ní yunifásítì.

Ẹ jẹ́ kí n mú ti gómìnà. Ní Amẹ́ríkà níbí, ẹni tó bá ń wá ipò ń "run". Nígbà tí mo ṣì wà ní Lọ́ńdọ̀nù, ṣe ni tibẹ̀ ń "stand". Ẹni kan ń sáré, ẹni kan nàró, ipò kan náà ni wọ́n ń wá. Lọ́dọ̀ tiwa, ó ń dupò. Ẹ̀ ń gbọ́ ìjà tó wà nínú "dù" yẹn? Bí ajá méjì ṣe ń du eegun. Àwọn oníròyìn ló máa ń sọ pé "ó ń díje", kó lè mọ́ lẹ́tí, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti wà ní ìta lásìkò ìbò mọ èyí tó sún mọ́ òótọ́.

Èyí tó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín ni "running mate". Mo rántí 1993, mo kéré. Bí bàbá mi bá ń sọ̀rọ̀ MKO Abíọ́lá, "Kingibe ni igbákejì ẹ̀" ni wọ́n máa ń wí. Igbákejì, ó tán. Kò sí ẹni tó sọ pé wọ́n jọ ń sáré. Ẹni tó túmọ̀ ọ̀rọ̀ náà nígbà àkọ́kọ́ kò wo ẹsẹ̀ wọn rárá, ipò tí ìkejì máa jókòó sí ló wò. Irú ìtumọ̀ tó wù mí nìyẹn.

Kóòdù_Yábàá (Ìṣẹ́gun, 2:15 ọ̀sán)

Ẹ ò tíì rí nǹkan kan. Nínú ìwé atúmọ̀ èdè ńlá ti Oxford, ìtẹ̀jáde kejì tó jáde ní 1989, "set" ni àlàyé rẹ̀ gùn jù lọ: ìtumọ̀ 430. Nígbà tí wọ́n wá tún "run" kọ, Peter Gilliver tó ṣiṣẹ́ lé e lórí lo oṣù mẹ́sàn-án. Oṣù mẹ́sàn-án, bí ẹni lóyún! Nígbà tó máa bímọ, 645 ló bí, ìyẹn fún ọ̀rọ̀ ìṣe nìkan. 2011 ni ìròyìn ẹ̀ gba ìgboro.

Lójú tèmi, ẹ̀rọ ló fà á. Ènìyàn àti ẹṣin nìkan ló kọ́kọ́ ń sáré. Lẹ́yìn náà ni ọlọ, aago, ọkọ̀ ojú irin àti ẹ́ńjìnnì dé, gbogbo wọn ń "run". Ní báyìí, ètò orí kọ̀ǹpútà náà ń "run". Níbi iṣẹ́ wa, a kì í tiẹ̀ túmọ̀ ẹ̀ mọ́. "Ṣé o ti run ẹ̀?" "Ó ń run."

Bàbá_Akọ́mọlédè (Ìṣẹ́gun, 2:52 ọ̀sán)

Ó ń run? Lẹ́tí tèmi, ìyẹn ni pé ó ń parẹ́. Ẹ sáré gbà á sílẹ̀.

Kóòdù_Yábàá (Ìṣẹ́gun, 2:55 ọ̀sán)

Bàbá, lọ́jọ́ Ẹtì tó kọjá, òótọ́ lẹ sọ.

Alágbède_Newcastle (Ìṣẹ́gun, 6:30 ìrọ̀lẹ́)

Ẹ ti gbàgbé ti báǹkì. Oṣù kẹsàn-án 2007, mo wà ní ìlú yìí nígbà tí ọ̀rọ̀ Northern Rock ṣẹlẹ̀. Wọ́n gbọ́ pé báǹkì náà ti lọ yáwó pàjáwìrì lọ́dọ̀ báǹkì ìjọba, làwọn tó ní owó níbẹ̀ bá gbọ̀nà báǹkì lọ. Tẹlifíṣọ̀n ń pariwo "a run on the bank". Mo yọjú wo. Kò sí ẹni tó ń sáré! Ìlà ni wọ́n tò, ìlà tó mọ́ tónítóní, tó yí kọ́nà. Àwọn àgbàlagbà mìíràn gbé àga tiwọn wá látilé.

Ká ní ìgboro wa ni, "wọ́n ya bo báǹkì" la máa sọ, ìyẹn á sì bá ohun tójú rí mu.

Nọ́ọ̀sì_Àjíkẹ́ (Ìṣẹ́gun, 11:10 alẹ́)

Ẹnu iṣẹ́ ni mo ti ń bọ̀, ó rẹ̀ mí, ṣùgbọ́n mi ò lè sùn láìdá sí èyí. "It runs in the family", òun ló le jù nínú gbogbo ohun tí Àkàngbé kọ, mo sì rí i pé gbogbo yín ń yẹra fún un.

Ẹ gbọ́ ohun tó ṣojú mi. Dókítà bi bàbá kan pé "Does diabetes run in your family?" Ògbufọ̀ tó wà níbẹ̀ (kì í ṣe Àkàngbé o) túmọ̀ rẹ̀ báyìí: "Bàbá, wọ́n ní ṣé àtọ̀gbẹ wà nínú ìdílé yín?" Kò sí àṣìṣe kan nínú Yorùbá yẹn. Bàbá gbójú sókè, wọ́n ní, "Olúwa má jẹ̀ẹ́! Kò sí irú ẹ̀ nílé wa." Dókítà kọ "no" sílẹ̀.

Nígbà tó yá, èmi àti bàbá jọ ń fọ̀rọ̀ jomi tooro ọ̀rọ̀ bí mo ṣe ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru wọn. Mo bi wọ́n nípa àwọn ẹ̀gbọ́n wọn. Wọ́n ní àgbà pátápátá ti kú, ẹsẹ̀ ni wọ́n gé fún un. Kí ló ṣe ẹsẹ̀? "Egbò ni, kò jiná. Ìtọ̀ ṣúgà ló ní." Ìyá wọn ńkọ́? "Màmá náà lò ó, wọ́n máa ń gún abẹ́rẹ́ lójoojúmọ́." Mo dúró, mo ń wo bàbá. Bàbá náà ń wò mí, ọkàn wọn balẹ̀ dáadáa.

Wọn ò purọ́ o. Ohun tí mo rò ni pé ìbéèrè tí dókítà bi wọ́n kọ́ ni wọ́n gbọ́. Nílé wa, ta ló máa ń béèrè ohun tó wà nínú ìdílé ẹlòmíì? Àwọn òbí tó fẹ́ fọmọ fọ́kọ ni. Wọ́n á lọ wádìí: ṣé wèrè ò sí ńbẹ̀, ṣé wárápá ò sí ńbẹ̀, ṣé ẹ̀tẹ̀ ò sí ńbẹ̀. Bí ìdáhùn bá jẹ́ "ó wà", ìgbéyàwó lè fọ́. Ẹni tí wọ́n bá bi ní irú ìbéèrè yẹn, ilé bàbá ẹ̀ ló ń gbèjà. Kò tiẹ̀ ronú kó tó sọ pé kò sí.

Nítorí náà, èmi kì í fi "ìdílé" sẹ́nu mọ́. Mo máa ń ka wọ́n ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan: "Bàbá yín ńkọ́, ṣé wọ́n ní ìtọ̀ ṣúgà? Màmá ńkọ́? Àwọn ẹ̀gbọ́n, àwọn àbúrò?" Ó gùn ju ti dókítà lọ, ojú aago ló sì máa ń wò bí mo bá ń sọ ọ́. Kó máa wò ó.

Àkàngbé_Ògbufọ̀ (Ọjọ́rú, 7:02 àárọ̀)

Àǹtí Àjíkẹ́, mo dọ̀bálẹ̀. Èmi náà ti fi "ìdílé" bi àwọn ènìyàn rí. Mo ti ń ka iye wọn láti òru, mi ò sì fẹ́ sọ ọ́ níbí.

Ìyá_Aláró_Ìtòkú (Ọjọ́rú, 10:26 àárọ̀)

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ọmọ mi obìnrin ló ń bá mi tẹ̀ ẹ́.

Wọ́n ní Òyìnbó máa ń ní aró sáré. Kì í sáré o. Nǹkan méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n pa pọ̀ yẹn, ẹ jẹ́ kí n yà wọ́n. Bí aṣọ bá ń funfun lọ díẹ̀díẹ̀ lẹ́yìn tẹ́ ẹ ti ń wọ̀ ọ́, aṣọ náà ṣí nìyẹn, oòrùn ló ń ṣe é. Ṣùgbọ́n bẹ́ ẹ bá fọ àdìrẹ àti fìlà funfun pọ̀, tí fìlà wá di aláwọ̀ ojú ọ̀run, ìyẹn ò jẹ mọ́ ṣíṣí. Àdìrẹ ló kó bá fìlà!

Àwọn tó ń fi ìkánjú ṣiṣẹ́ ló máa ń fa irú ẹ̀. Bẹ́ ẹ bá yọ aṣọ kúrò nínú aró, tẹ́ ẹ sá a kó gba atẹ́gùn, aró tí kò wọnú aṣọ ṣì wà lójú ẹ̀. Ẹ gbọ́dọ̀ ṣàn án lómi, kẹ́ ẹ tún ṣàn án, títí omi á fi mọ́. Èmi máa ń ṣàn án tó ẹ̀ẹ̀mẹrin, ìgbà míì márùn-ún. Bí oníbàárà bá dúró sí mi lórí, tó ń ní òun fẹ́ máa lọ, màá ní kó jókòó. Ẹni tí kò bá lè jókòó, kó kúkú lọ mú ti ẹlòmíì, aṣọ àlà ẹ̀ á sọ fún un nílé.

Tòkunbọ̀_Akókà (Ọjọ́rú, 12:33 ọ̀sán)

Ìyá, ẹ kú iṣẹ́ o, màá wá rajà.

Kò sẹ́ni tó tíì fẹnu kan "runs" tiwa. Bí ọmọ Èkó bá ní "mo ní runs kan tí mo fẹ́ ṣe", ẹ má bi í ní nǹkan kan. Ó lè jẹ́ pé ó fẹ́ bá ẹnì kan ta fóònù. Ó lè jẹ́ ohun tí kò fẹ́ kí ìyá ẹ̀ gbọ́. Nílé ìwé, "runs" ni ká ti rí ìbéèrè kí ọjọ́ ìdánwò tó pé. Bó bá wá ní "run mi ní 2k", owó ló ń tọrọ, ẹ sì gbàgbé owó yẹn. Mi ò rò pé Òyìnbó mọ̀ ọ́n báyìí, a gbà á lọ́wọ́ wọn, a sì tún un rọ ni.

Bàbá_Akọ́mọlédè (Ọjọ́rú, 1:15 ọ̀sán)

Nígbà tiwa, "màgòmágó" là ń pe ti ìdánwò. Gbogbo ènìyàn ló mọ̀ pé kò dáa. "Runs" yín yìí ti fi aṣọ bò ó, ó dà bíi pé iṣẹ́ ni.

Àdùkẹ́_Peckham (Ọjọ́rú, 8:47 alẹ́)

Ẹ má jẹ́ ká dá Òyìnbó lẹ́bi jù. Ọkọ mi tó jẹ́ ará ibí ń kọ́ Yorùbá, ó sì ń fi "jẹ" dá mi lóró. Ó mọ̀ pé a máa ń jẹ iṣu. Lọ́jọ́ kan ó gbọ́ tí mo ní ẹnì kan jẹ mí lówó, ó ní ṣé ó gbé owó náà mì ni? Mo ní rárá. Ó ní èyí tó jẹ oyè ńkọ́? Mo ní ìyẹn di ìjòyè. Èyí tó jẹ ìyà? Ó jìyà. Èyí tó jẹ ayé? Ìyẹn ń gbádùn. Ó dákẹ́ fún bí ìṣẹ́jú kan, ó ní, "Ẹni tó jẹ ìyà àti ẹni tó jẹ ayé, àwo kan náà ni wọ́n fi bù ú fún wọn?"

Mi ò ní èsì. Mo ní kó lọ jẹun.

Àkàngbé_Ògbufọ̀ (Àbámẹ́ta, 4:18 ìrọ̀lẹ́)

Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun. Mo ti kọ "ná", "ya bo", "kó bá" àti "igbákejì" sínú ìwé kékeré mi. Kíka ẹbí lẹ́yọ lẹ́yọ ti Àǹtí Àjíkẹ́, mo ti lò ó lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ yìí. Lẹ́ẹ̀kejì, "bẹ́ẹ̀ ni" mẹ́ta ló jáde.

Ìyá àgbà ti ọjọ́sí padà wá lánàá. Ara wọn ti yá, àyẹ̀wò ni wọ́n wá ṣe. Ọmọ-ọmọ wọn náà tẹ̀lé wọn, ṣùgbọ́n ó jókòó sẹ́yìn, ó fi iṣẹ́ sílẹ̀ fún mi. A ṣe tiwa tán. Bí a ṣe fẹ́ dìde, ìyá fọwọ́ kan ikùn díẹ̀, wọ́n ní, "Ó ṣì ń run mí díẹ̀díẹ̀ láàárọ̀."

Kí n tó lanu, ọmọ náà ti nawọ́ sókè látẹ̀yìn bí ẹni tó wà ní kíláàsì: "Màmá, run tiwa ni, àbí run tiwọn?"